Ibùsùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Sùn Lé

Ọkọ̀ Mísíyè Théodore ti ń gun àpáta bọ̀, àwọn aláìsàn sì ti ń dìde. Òfin ni. Bí òun, ọ̀gá ilé ìwòsàn Dassa, bá ń bọ̀ lówùúrọ̀, gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró kí ó tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ibà bá ti gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe gbé e ró. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe náà kò gbọdọ̀ wúkọ́ kí ọ̀gá tó kọjá, nítorí ikọ́ máa ń ba orin ìkíni jẹ́.

Eustache, akọ̀wé ọ̀gá, ló ṣe orin náà. Òun náà ló ń fi ọwọ́ darí rẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ o, Baba Ìlera,
Torí yín loòrùn ṣe yọ,
Torí yín la ṣe ń mí."

Sùlè, tó ń ta aṣọ lọ́jà Dassa, dì mọ́ òpó kọ orin tirẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Kò lè nàró, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀ bí ojú ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Mísíyè Théodore rí i, inú rẹ̀ dùn.

"Eustache, wo ẹni yìí. Ṣé o rí bó ṣe tẹrí ba? Bó ṣe yẹ kí gbogbo èèyàn máa ṣàìsàn nìyẹn."

"Ọ̀gá, bí orin bá ń wo ẹ̀yìn sàn, èmi ì bá ti máa jó," ni Sùlè fèsì. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, ilẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè béèrè ohun tí ilé ìwòsàn ń wá lórí àpáta. Nígbà tí ìjọba Dàhòmì tuntun fẹ́ kọ́ ọ, àwọn àgbà mú Mísíyè Théodore lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọjà, ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì súnmọ́ kànga. Ó wo ilẹ̀ náà, ó fi aṣọ ìnujú bo imú. Ó ní ẹni tó bá ń ti Paouignan bọ̀ lójú títì kò ní rí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àwọn aláìsàn yóò rí i. Ó ní àwọn aláìsàn kọ́ ló ń fún èèyàn ní àmì ẹ̀yẹ.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó wí, ó nawọ́ sí orí àpáta, "ibẹ̀ ni a ó kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá lè gun òkè yìí, ara rẹ̀ le, kò nílò oògùn. Ẹni tí kò bá lè gùn ún, a ò ní rí i. Bí a ó ṣe dín àìsàn kù ní Dassa nìyẹn."

Eustache pàtẹ́wọ́. Ní òpin ọdún náà, ìròyìn lọ sí Kùtọ̀nù pé àìsàn ti dín kù gan-an láàárín àwọn òkè Dassa. Ìròyìn náà kò parọ́. Àwọn tó ti ẹsẹ̀ òkè padà sílé kò bá a jiyàn, àwọn kan nínú wọn kò sì lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Báyìí, ibùsùn tuntun ti dé. Irin funfun ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sórí wọn, funfun tó jẹ́ pé eṣinṣin tó bà sórí wọn ń dà bí ẹni tó ṣìnà. Wọ́n tò wọ́n sínú yàrá tuntun pẹ̀lú tábìlì ìgbẹ̀bí, Mísíyè Théodore sì fúnra rẹ̀ ta ọ̀já pupa dábùú ẹnu ọ̀nà. Ní Ọjọ́bọ̀, aṣojú mínísírì ìjọba yóò ti Kùtọ̀nù wá gé ọ̀já náà. Kí ó tó gé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, kí eruku tó wà lára àwọn aláìsàn má baà kó bá àwọn ibùsùn. Nítorí náà ni àwọn aláìsàn fi ń sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìdojúkọ fèrèsé, tí wọ́n ń wo ibùsùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tí à ń wí yìí. Orin ìkíni kò tíì parí nígbà tí Nicolas, àgbẹ̀ kan láti Akofodjoulè, yọ lórí òkè, ó pọn aya rẹ̀ Perpétue sẹ́yìn. Ìyá Nicolas, Ìyá Euphrasie, ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé obìnrin náà wá títí dé ẹsẹ̀ òkè. Kẹ̀kẹ́ kì í gun àpáta.

Ìrọbí ti mú Perpétue. Ní ọdún tó kọjá, ó rọbí báyìí, wọ́n gbé e wá báyìí, agbára wọn sì pin ní ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀, lábẹ́ àpáta, ló bímọ sí. Ọmọ náà kò ké. Láti ìgbà náà, bí Perpétue bá gbọ́ tí ọmọ ẹlòmíràn ké, á dúró, á gbọ́ ọ parí, kó tó máa lọ. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí, ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí òun yóò bá fi eyín fà á gun òkè, òun yóò bí i lọ́dọ̀ agbẹ̀bí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá," ni Nicolas wí, ó ń mí gúlegúle.

Mísíyè Théodore wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin ará Akofodjoulè, ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí àgbà? Kò sí ìdọ̀bálẹ̀?"

"Ọ̀gá, bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀."

Màdáámù Lucienne, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn, ti jáde. Ó fọwọ́ kan ikùn Perpétue, ó wo ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé e wọ yàrá tuntun. Tábìlì ìgbẹ̀bí wà níbẹ̀."

"Ọ̀já ńkọ́?"

"A lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá."

Mísíyè Théodore fi ọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. Gègé bíìkì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ní tádàwà, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń fọwọ́ kàn bí ọ̀rọ̀ ńlá bá ń bọ̀. Àwọn aláìsàn tó ti ń jókòó tún dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ Dàhòmì!" ó wí. "Ẹ̀yin tí ara ń ro, ẹ̀yin tí inú ń run, ẹ̀yin tí ojú ń dùn, mo kí yín ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ẹ wo ọ̀já yìí. Ohun tí ẹ̀ ń rí, aṣọ ni. Ohun tí èmi ń rí, Orílẹ̀-èdè ni! Ṣé abẹ́ Orílẹ̀-èdè lẹ fẹ́ kí obìnrin yìí rá kọjá? Rárá o! Kí ó mú sùúrù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí, Ọjọ́bọ̀ kò jìnnà."

"Ọ̀gá, ìrọbí ni," ni Lucienne wí. "Kì í ṣe ìpàdé."

"Kí ẹ sún un síwájú!"

"Ta ló fẹ́ sún un?"

"Ìwọ ni agbẹ̀bí. Eustache, kọ ọ́ sílẹ̀: láti òní lọ, kò sí ìbímọ ní Dassa títí aṣojú mínísírì yóò fi gé ọ̀já."

"Mo ti kọ ọ́, ọ̀gá. Mo tiẹ̀ ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀."

"Àwa ọkùnrin ńkọ́?" ni Sùlè béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀. "Ṣé òfin náà dé ọ̀dọ̀ tiwa?"

Ẹni tí ikọ́ ń ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ikọ́. Mísíyè Théodore wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìbínú, òun àti Eustache, wọ́n lọ sí Paouignan, nítorí iṣẹ́ gidi ń dúró dè é níbẹ̀.

Iṣẹ́ gidi náà ni àtẹ́wọ́. Ojú títì Paouignan ni aṣojú mínísírì yóò gbà wọ Dassa, Mísíyè Théodore sì ti pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà kọ́ àtẹ́wọ́. Ó gbé àpò gàrí kan sórí àga, ó dé e ní fìlà. Àpò gàrí ni aṣojú.

"Bí ó bá ti yọ báyìí, ẹ pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Bí ó bá gbọ́wọ́ sókè, ẹ pa á kíkankíkan. Ẹ sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ẹkún má ju ẹ̀rín lọ."

"Ọ̀gá," ni Wúràọlá tó ni àpò gàrí wí, "ẹ jẹ́ kí n ta aṣojú mi ná. Oníbàárà dúró."

Ṣàṣà ni ọkọ̀ akérò tó kọjá sí àríwá lọ́jọ́ náà tí wọn kò pàtẹ́wọ́ fún. Awakọ̀ kan rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi òun ṣe. Ó dúró, ó bú wọn dáadáa, ó sì ń lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èyí náà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí àpáta. Lucienne dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tuntun. Ó wo ọ̀já, ó wo Perpétue. Bí ó bá gba abẹ́ ọ̀já kọjá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí agbẹ̀bí mìíràn láti ibẹ̀ dé Savalou. Ìyá Euphrasie, tí kò mọ ìwé, tí kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, ti ń wo ògiri láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

"Ìyẹn ńkọ́?" ó béèrè.

"Bírò ọ̀gá ni, Ìyá, yàrá iṣẹ́ rẹ̀."

"Ṣé ọ̀já wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?"

Kò sí ọ̀já lẹ́nu ọ̀nà bírò. Kò sì sí àgádágodo, nítorí Eustache ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí kóòtù tí ọ̀gá yóò wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbé Perpétue wọlé. Wọ́n fi ara àga ńlá ọ̀gá tì í lẹ́yìn, Lucienne sì sọ pé òun fẹ́ omi gbígbóná kíá. Ìyá Euphrasie to òkúta mẹ́ta sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó wá igi, ó rí i. Ó wá ohun tí òun yóò fi dáná, ó rí ìwé kan lórí tábìlì, ìwé tó nípọn, tó gbẹ dáadáa. Ọ̀rọ̀ àsọyé Ọjọ́bọ̀ ni. A gbọ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó gbóná tó o rí lẹ́nu ọ̀gá. Omi yára hó.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí Sùlè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi gbé orí sókè láìmọ̀. Perpétue kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kó máa ké. Ẹ má tíì rẹ̀ ẹ́." Lucienne nawọ́ sórí tábìlì, ó mú àlùmágàjí tuntun kan tó ń dán, tí wọ́n gbé wá láti Kùtọ̀nù nínú àpótí, ó bọ̀ ọ́ sínú omi tó ń hó, ó fi gé ìwọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé á ti fura sí àlùmágàjí náà. Èyí tí wọn yóò fi gé ọ̀já ni.

Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, àwọn ìyá ní òfin tiwọn, òfin tó ti wà kí ìjọba kankan tó dé. Abẹ tó bá gé ìwọ́ ọmọ, abẹ́ orí ọmọ ni yóò wà títí ìwọ́ yóò fi já. Ìyá àti ọmọ kò ní kúrò nínú yàrá náà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé ọmọ kò sì gbọdọ̀ wọlé. Nítorí náà, nígbà tí Mísíyè Théodore ti Paouignan dé, Ìyá Euphrasie ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bírò, ó na ẹsẹ̀ dábùú rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ọ̀gá. A bímọ."

"Nínú bírò mi?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ fi yá wa."

"Ẹ gbé wọn jáde! Eustache!"

Eustache gbé ẹsẹ̀ kan. Ìyá Euphrasie wò ó. "Ọmọ mi, ṣé ará ilé ọmọ ni ọ́?" Eustache gbé ẹsẹ̀ náà padà sí ibi tí ó ti mú un.

"Àlùmágàjí mi ńkọ́?" ni Mísíyè Théodore béèrè, ohùn rẹ̀ ti ń tín-ín-rín.

"Ó wà lábẹ́ orí ọmọ. Ọmọ ibí ṣáà lẹ̀yin náà, ọ̀gá. Èmi mọ ìyá yín. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá yọ abẹ kí ìwọ́ tó já, ìdodo tirẹ̀ ni yóò bá a ṣẹjọ́."

Mísíyè Théodore kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé rí pé ìgbàgbọ́ asán ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìdodo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ ló ti ń ṣe ọ̀gá. Eustache á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, á kan gíláàsì, á dúró kí wọ́n ní "Wọlé," á sì wà níbi tí ó wà.

Ọjọ́bọ̀ dé. Gbogbo Paouignan tò sí ẹ̀bá títì, ọwọ́ wọn ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mínísírì ti bàjẹ́ ní Kùtọ̀nù, aṣojú sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Dassa láìsí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sanra, kò kéré lọ́jọ́ orí, ó sì wọ kóòtù òtútù nínú oòrùn. Ó béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n nawọ́ sókè. Ó rò pé wọ́n ń fi ọ̀run hàn án.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi gùn ún. Nígbà tí ó dé òkè, ètè rẹ̀ ti funfun, àyà rẹ̀ ń lu kìkìkì, ó sì ṣubú jókòó sórí ẹní Sùlè.

"Ẹ rọra, mísíyè," ni Sùlè wí. "Ẹ̀gbẹ́ yìí ló gbóná díẹ̀."

"Ẹ bá mi wá... ibi tí mo lè dùbúlẹ̀ sí."

"Ibí náà ni. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ máa wo ibùsùn pẹ̀lú wa."

Mísíyè Théodore sáré jáde nínú ọkọ̀. Kò ní kóòtù, nítorí kóòtù ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé kí atẹ́gùn má fẹ́ lu ìkókó. Kò ní ìwé ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnu.

"Ọlọ́lá jùlọ!" ó ké sí ẹni tó wà nílẹ̀. "Òkè ga, ṣùgbọ́n ọlá yín ga jù ú lọ!"

"Ibùsùn," ni aṣojú wí.

"A ó dé ibẹ̀, Ọlọ́lá. Ètò ni: àkọ́kọ́, orin. Èkejì, ọ̀rọ̀ àsọyé. Lẹ́yìn náà, gígé ọ̀já. Ìgbà yẹn nìkan ni èèyàn lè fojú kan ibùsùn."

Lucienne tú bọ́tìnnì ọrùn aṣojú, ó ń fẹ́ ẹ. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsọyé tẹ̀lé e. Mísíyè Théodore ti kọ́ ọ sórí, ó ń dà jáde bí omi, títí ó fi dé "ní ìparí." Ìwé tí ìparí wà lórí rẹ̀ ti jóná, kò sì rántí rẹ̀ mọ́. "Ní ìparí," ó wí, ó yin mínísírì. "Ní ìparí, ní tòótọ́," ó yin aya mínísírì. "Kí n tó wá parí pátápátá," ó yin ọkọ̀ ojú irin. Kò rí ẹnu ọ̀nà ibi tí yóò gbà jáde. Àwọn aláìsàn ń ṣubú níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó láìgba àṣẹ.

"Ẹ gé ọ̀já náà!" ni aṣojú kígbe pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tó kù sí i.

Mísíyè Théodore wo Eustache. Eustache wo òkè Arigbo lọ́hùn-ún, níbi ìjọsìn Màríà Mímọ́, bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọlọ́lá, àlùmágàjí ìjọba... ó wà lábẹ́ orí ìkókó kan."

"Mo ní àdá," ni Nicolas wí.

"Àdá? Ṣé iṣu ni Orílẹ̀-èdè?"

Aṣojú na ọwọ́ sí Nicolas, ó gbára lé e, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọ̀já náà. Wọ́n kàn so ó ni. Ó fa ẹnu rẹ̀ kan, ó tú.

Ó wọ inú yàrá, ó rí ibùsùn, ó rí pátákó kékeré lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n: ti Aláṣẹ Àgbègbè, ti Ọ̀gá Ojú Irin, ti Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́, ti Màdáámù Théodore, ti Mísíyè Théodore.

"Kí nìyí? Ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ń ṣàìsàn?"

"Rárá, Ọlọ́lá! Ara wọn le. Wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé lójijì, ṣé kí àwọn èèyàn pàtàkì wá máa tò?"

"Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́?"

Ojú Mísíyè Théodore tàn. Ìbéèrè tí ó ti ń dúró dè nìyí. "Ìdọ́gba ni, Ọlọ́lá! Gbogbo ipò tó ga ní ibùsùn kan. Ilẹ̀ sì gba gbogbo ẹni tó kù, láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀."

Aṣojú dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn Mísíyè Théodore tòun ti bàtà. Lẹ́yìn tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí wọ́n pe gbogbo wọn wọlé. Wọ́n wọlé. Ibùsùn kò tó, ẹni méjì-méjì ló dùbúlẹ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí sí ẹsẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan padà sórí ẹní. Sùlè ló bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn aṣojú.

"Ẹ sún díẹ̀, mísíyè."

"Mo ti dé etí."

"Ẹ̀yin lẹ jẹun yó ní Kùtọ̀nù. Ẹ bá mi fi ìyókù ibùsùn sílẹ̀."

Aṣojú rẹ́rìn-ín, àyà sì dùn ún. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ẹkún ọmọ láti inú yàrá kejì. Ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Lucienne sọ fún un. Ó tẹ́tí sí ọmọ náà.

"Kí bírò yẹn máa jẹ́ ti àwọn abiyamọ," ó wí.

"Èmi ńkọ́, Ọlọ́lá?" ni Mísíyè Théodore béèrè. "Níbo ni èmi yóò jókòó sí?"

"Kùtọ̀nù. A ní ilé kan níbẹ̀ tí a ń kó ìgò oògùn òfìfo sí. Kò sí ẹni tó ń bójú tó o."

Eustache ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ìfẹ́ tó ní sí àtẹ́wọ́ kò yí padà, ẹni tó ń pa á fún nìkan ló yí.

Ìjọba kò kó ilé ìwòsàn sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta. Ẹ má retí ìyẹn. Àwọn aláìsàn ṣì ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ìwọ́ ọmọ Perpétue kò tíì já nígbà tí aboyún mìíràn láti Akofodjoulè ti wà nínú bírò pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, Mísíyè Théodore gun òkè náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ìjọba ló ni ọkọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bírò. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn yọjú láti yàrá tuntun, gbogbo wọn sì fi ara balẹ̀ de ọ̀rọ̀ ìdágbére, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó fi ọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀, ó hú ikọ́ díẹ̀ láti la ọ̀nà ọ̀fun.

Perpétue gbé ojú sókè láti inú yàrá. Ọmọ wà lọ́mú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ń tú kúrò lórí ọmú díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn lọ ni."

Mísíyè Théodore wo ọmọ náà. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó máa ń dún kó-kó-kó lórí òkúta, ó gbé e sọ́wọ́, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.